Itọ́ tó gbẹ lẹ́nu aláìsàn jẹjẹrẹ: Ìtàn bí ìtọ́jú onítànṣán ṣe kọ́ láti dá àpò itọ́ sí

Láàárín Yorùbá, itọ́ kì í sábà níyì. Ohun tí èèyàn ń tu dànù ni, ohun tí àwọn àgbà sì ní a kì í tu sílẹ̀ ká tún padà lá. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n ti fi ìtànṣán tọ́jú jẹjẹrẹ ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ mọ iyì rẹ̀ dáadáa. Òun ló ń jí láàárín òru tí ahọ́n ti lẹ̀ mọ́ àjà ẹnu, tí omi inú ife tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn kò sì lè ṣe ju kó tu ẹnu lára fún ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ.

Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí àwọn dókítà ti mọ̀ pé ìtànṣán tó ń pa jẹjẹrẹ lè gbẹ itọ́ lẹ́nu. Àárín ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ọ̀nà gidi láti dín ìṣòro náà kù. Bóyá ọ̀nà náà dé ọ̀dọ̀ aláìsàn kan tàbí kò dé, ibi tó ń gbé àti ẹ̀rọ tí wọ́n bá gbé e sábẹ́ rẹ̀ ló máa ń pinnu.

Láti Ashaiman dé Korle Bu

Ìlú tí iṣẹ́ bí ni Ashaiman, ní ẹkùn Greater Accra ní Ghana. Nígbà tí ìjọba Kwame Nkrumah ń kọ́ èbúté Tema, èyí tí wọ́n ṣí ní ọdún 1962, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ tí kò rí ilé gbé nínú Tema tuntun náà gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ, wọ́n sì tẹ̀dó sí Ashaiman. Lónìí, ìlú ọlọ́jà àti oníṣẹ́ ọwọ́ ni, níbi tí oríṣiríṣi èdè ti ń dún. (Yorùbá kì í ṣe àjèjì ní agbègbè Accra o. Títí di òní ni wọ́n ṣì ń sọ ìtàn ìlú náà nínú ọ̀pọ̀ ilé ní Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀fà, láti ìgbà tí òfin ìjọba Kofi Busia ti lé wọn padà sílé ní oṣù kọkànlá ọdún 1969.)

Kò sí ilé ìtọ́jú onítànṣán ní Ashaiman. Èyí tó jẹ́ ti ìjọba tó sì súnmọ́ wọn jù wà ní ilé ìwòsàn ńlá Korle Bu, nǹkan bí 30 kìlómítà sí ibẹ̀, ní ìhà kejì Accra.

Nígbà tí àwọn dókítà bá sọ pé jẹjẹrẹ orí àti ọrùn, kì í ṣe ti inú ọpọlọ ni wọ́n ń sọ. Jẹjẹrẹ ẹnu, ahọ́n, ọ̀nà ọ̀fun, gògóńgò àti ẹ̀yìn imú ni. Ìtọ́jú onítànṣán fún un sábà máa ń gba ọ̀sẹ̀ 7: ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́, láti ọjọ́ Ajé sí ọjọ́ Ẹtì, ìgbà 35 lápapọ̀. Tí èèyàn bá ń ti Ashaiman lọ tó ń padà lójoojúmọ́, yóò ti rin ohun tó lé ní 2,000 kìlómítà nínú trotro kó tó parí, bí ẹni ti Accra lọ Èkó tó sì padà lẹ́ẹ̀mejì.

Láti ọ̀sẹ̀ kìíní ìrìnàjò yìí ni itọ́ ti máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í dínkù. Ó lè dín sí ìdajì kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí. Èyí tó bá kù á ki, á máa lẹ̀ bí ilá. Lẹ́yìn náà ni egbò á dé sí inú ẹnu, oúnjẹ á dàbí yanrìn, ata tí èèyàn ti ń jẹ láti kékeré á sì di iná.

Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí ẹnikẹ́ni ka ọ̀rọ̀ itọ́ sí ọ̀rọ̀ ìgbádùn lásán. Ẹni tí kò lè gbé kenkey tàbí banku mì kò ní í jẹun. Ẹni tí kò jẹun á rù, kò sì ní í ní okun tí yóò fi wọ ọkọ̀ ní aago márùn-ún ìdájí. Ọjọ́ tó bá sì pa jẹ lẹ́nu ìtọ́jú, àǹfààní ni fún jẹjẹrẹ náà láti tún gbèrú.

Àpò tí kò sẹ́ni tó ń kà

Àpò itọ́ ńlá mẹ́fà ló wà ní orí èèyàn, mẹ́ta lápá ọ̀tún, mẹ́ta lápá òsì. Èyí tó tóbi jù wà níwájú etí, ìyẹn ibi tó máa ń wú tí ọmọdé bá ní ṣegede. Òmíràn wà lábẹ́ egungun àgbọ̀n, ẹ̀kẹta sì wà lábẹ́ ahọ́n. Yàtọ̀ sí wọn, ọgọ́rọ̀ọ̀rún àpò kéékèèké wà káàkiri ètè, ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti ọ̀fun. Gbogbo wọn lápapọ̀ ń pèsè itọ́ tó tó ìdajì lítà sí lítà kan àbọ̀ lójúmọ́.

Iṣẹ́ wọn kò dọ́gba. Àpò iwájú etí ló ń ṣiṣẹ́ jù nígbà tí èèyàn bá ń jẹun. Èyí tó wà lábẹ́ àgbọ̀n ló ń jẹ́ kí ẹnu tutù nígbà tí a kò jẹ nǹkan kan àti nígbà tí a bá ń sùn. Ìyàtọ̀ yìí á tún wúlò níwájú.

Itọ́ ló ń rọ oúnjẹ, òun ló ń gbé adùn rẹ̀ dé ahọ́n, òun ló ń fọ eyín, tó sì ń bá kòkòrò àìrí jà. Láìsí i, eyín tó ti wà láti bí ogójì ọdún lè jẹrà tán láàárín ọdún mélòó kan. Kódà ọ̀rọ̀ sísọ á ṣòro. Oníwàásù, olùkọ́ àti ẹni tó ń pe ọjà fún oníbàárà ló máa ń kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n lára.

Bordeaux, ọdún 1911

Ní ọdún 1895 ni Wilhelm Röntgen, onímọ̀ ọmọ Jámánì, ṣàwárí ìtànṣán X-ray. Kò pẹ́ rárá tí àwọn dókítà fi bẹ̀rẹ̀ sí í dojú rẹ̀ kọ jẹjẹrẹ, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò tíì mọ̀ bó ṣe yẹ kí wọ́n wọn ìtànṣán náà.

Ní ìlú Bordeaux ní ilẹ̀ Faransé, Jean Bergonié àti Louis Tribondeau gbé òfin kan jáde ní ọdún 1906 tí wọ́n ṣì fi ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn títí di òní: sẹ́ẹ̀lì tó bá ń yára pín sí méjì ni ìtànṣán máa ń pa jù. Ìdí nìyẹn tó fi ń pa jẹjẹrẹ, nítorí jẹjẹrẹ kì í sinmi pípín.

Ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà, ní 1911, Bergonié kan náà àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ Speder kọ̀wé nípa àwọn aláìsàn tí àpò itọ́ wọn dàrú lẹ́yìn tí wọ́n gba ìtànṣán. Ohun ìyàlẹ́nu gbáà ni, nítorí sẹ́ẹ̀lì àpò itọ́ kì í yára pín. Bí a bá tẹ̀ lé òfin Bergonié fúnra rẹ̀, ó yẹ kí wọ́n lè fara da ìtànṣán. Àmọ́ wọ́n wà lára àwọn tó máa ń tètè dákẹ́ iṣẹ́, àwọn onímọ̀ sì ń bá àríyànjiyàn ìdí rẹ̀ bọ̀ láti ìgbà náà. Bergonié kò gbé ayé pẹ́ tó láti rí ìdáhùn. Ìtànṣán tó ń lò fún àwọn ẹlòmíràn jẹ apá òun náà, ó sì kú ní ọdún 1925.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, èrò àwọn dókítà ni pé ẹ̀mí ṣáà ló ṣe pàtàkì. Tí jẹjẹrẹ bá ti lọ, kí aláìsàn mú omi dání.

Ìtànṣán láti ọ̀tún àti òsì

Ní oṣù kẹwàá ọdún 1951, ní ìlú London tó wà ní Canada, wọ́n fi ẹ̀rọ cobalt-60 tọ́jú aláìsàn fún ìgbà àkọ́kọ́. Ẹ̀rọ náà lágbára, kò nira púpọ̀ láti tún ṣe, kò sì nílò iná mànàmáná tó bí àwọn ẹ̀rọ tó dé lẹ́yìn rẹ̀ ṣe nílò rẹ̀. Nítorí èyí ló ṣe di ẹ̀rọ àwọn orílẹ̀-èdè tí owó kò pọ̀ lọ́wọ́ wọn.

Ní ọdún 1997, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ IAEA, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ agbára átọ́míìkì, Ghana ṣí ilé ìtọ́jú onítànṣán rẹ̀ àkọ́kọ́ ní Korle Bu, ilé ìwòsàn tí Gómìnà Gordon Guggisberg ti ṣí láti ọdún 1923. Ẹ̀rọ cobalt ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 2004, ilé ìwòsàn Komfo Anokye ní Kumasi náà bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀.

Kò yẹ kí a fojú tín-ínrín ẹ̀rọ yìí. Kó tó dé, ẹni tó bá fẹ́ ìtọ́jú onítànṣán ní láti wá owó ọkọ̀ òfurufú, ẹni tí kò bá sì rí owó náà á máa retí ikú nílé. Ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń rìn ní ìgboro Accra lónìí ló jẹ ẹ̀rọ náà ní gbèsè ẹ̀mí.

Ìṣòro rẹ̀ ni bí wọ́n ṣe ń darí ìtànṣán náà. Fún jẹjẹrẹ ọ̀fun, ọ̀nà tó wọ́pọ̀ láyé ìgbà yẹn ni pé kí wọ́n ta ìtànṣán kan láti ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ojú, kí wọ́n sì ta èkejì láti òsì, kí méjèèjì pàdé láàárín. Àpò itọ́ tó wà níwájú etí méjèèjì wá wà lójú ọ̀nà gan-an. Kí ìtànṣán tó dé ọ̀fun, ó gbọ́dọ̀ kọjá lára wọn. Bí dókítà ṣe lè mọṣẹ́ tó, kò sí bó ṣe fẹ́ yà á.

Ohun mìíràn tún wà: cobalt máa ń gbó. Láàárín nǹkan bí ọdún márùn-ún àti oṣù mẹ́ta, agbára rẹ̀ á dín sí ìdajì. Ìtọ́jú tó ń gba ìṣẹ́jú méjì tẹ́lẹ̀ á wá máa gba mẹ́rin, ìlà àwọn tó ń dúró lẹ́nu ọ̀nà á sì gùn sí i tí wọn kò bá rà á ní tuntun.

Ewé láti Brazil, oògùn láti ilé iṣẹ́ ológun

Nígbà tí kò ti sí bí wọ́n ṣe lè yà fún àpò itọ́, ọ̀rọ̀ kan oògùn.

Ní àwọn ọdún 1870, dókítà ọmọ Brazil kan, Symphronio Coutinho, gbé ewé kan tí wọ́n ń pè ní jaborandi lọ sí Paris. Ní èdè àwọn onílẹ̀ Brazil, orúkọ ewé náà ń sọ nípa ohun tó ń jẹ́ kí itọ́ máa dà lẹ́nu. Ní ọdún 1875, wọ́n yọ èròjà inú rẹ̀, wọ́n sì sọ ọ́ ní pilocarpine. Ẹni tó bá ní ẹbí tó ń kan oògùn ojú fún glaucoma lè ti gbọ́ orúkọ náà rí, nítorí ojú ni wọ́n ti ń lò ó fún ọdún gbọọrọ.

Ó tó ọdún 1993 kí ìwádìí ńlá tó fi hàn pé ó wúlò fún ẹnu tí ìtànṣán gbẹ. Nínú aláìsàn 207 tí wọ́n yẹ̀ wò ní Amẹ́ríkà, nǹkan bí 44 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó lo oògùn náà ní ìwọ̀n mílígíráàmù márùn-ún ló ní gbígbẹ ẹnu àwọn dínkù. Nínú àwọn tó lo oògùn òfìfo, 25 nínú ọgọ́rùn-ún ló sọ bẹ́ẹ̀. Ọdún kejì rẹ̀ ni FDA, àjọ tó ń rí sí oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, fọwọ́ sí i. Àmọ́ àpò itọ́ tó bá ṣì kù díẹ̀ nínú ẹ̀mí rẹ̀ nìkan ni oògùn yìí lè jí. Ó tún máa ń mú kí èèyàn làágùn gan-an, èyí tí kì í ṣe ìròyìn ayọ̀ ní ìlú tó gbóná bí Accra, kò sì dára fún ẹni tó ní ikọ́ ẹ̀gbẹ tí ara rẹ̀ kò balẹ̀.

Oògùn kejì ní ìtàn tó yani lẹ́nu jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí Amẹ́ríkà àti Soviet ń fi bọ́ǹbù átọ́míìkì halẹ̀ mọ́ra wọn, ilé ìwádìí ológun Walter Reed ní Amẹ́ríkà ń wá oògùn tí sójà lè lò kí ìtànṣán bọ́ǹbù má bàa pa á. Wọ́n dán ohun tó lé ní 4,000 èròjà wò. Ọ̀kan nínú wọn, tí nọ́ńbà rẹ̀ ń jẹ́ WR-2721, ló di amifostine, tí FDA sì fọwọ́ sí ní ọdún 1999 láti dáàbò bo àpò itọ́. Wọ́n gbọ́dọ̀ fà á sí iṣan ẹ̀jẹ̀ kí aláìsàn tó wọlé gba ìtànṣán lójoojúmọ́. Ó ń fa èébì, ó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ ríru já wálẹ̀ lójijì. Ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn, kódà níbi tí owó wà, ló ti pa á tì.

Nọ́ńbà 26

Ìyípadà gidi kò ti inú ìgò oògùn wá. Láti àárín àwọn ọdún 1990 ni àwọn ilé ìwòsàn kan ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù ti bẹ̀rẹ̀ sí í lo ọ̀nà tuntun tí wọ́n ń pè ní IMRT, lórí ẹ̀rọ tó ń fi iná mànàmáná ṣe ìtànṣán, ìyẹn linac. Àwọn abẹ́ irin tín-ín-rín ló wà lẹ́nu ẹ̀rọ náà, kọ̀ǹpútà ló sì ń ṣí wọn tó ń pa wọ́n dé. Ìtànṣán á máa wá láti ìhà púpọ̀, yóò pọ̀ lórí jẹjẹrẹ, yóò sì dín níbi tí dókítà bá ti ní kó dín. Bí télọ̀ ṣe ń gé aṣọ yí ọrùn ká ni wọ́n ṣe ń gé ìtànṣán yí àpò itọ́ ká.

Ṣùgbọ́n báwo ni kó ṣe dín tó? Avraham Eisbruch àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Michigan gbé ìdáhùn kan jáde ní ọdún 1999. Wọ́n wọn itọ́ tó ń jáde láti inú àpò iwájú etí kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì rí i pé tí ìpíndọ́gba ìtànṣán tó bà á kò bá kọjá nǹkan bí 26 Gray, itọ́ lè padà wá. Jẹjẹrẹ náà fúnra rẹ̀ sábà ń gba 70. Láti ìgbà náà ni 26 ti di nọ́ńbà tí wọ́n ń lé káàkiri àgbáyé.

Ìwádìí tó tú àwọn tó ṣì ń ṣiyèméjì lójú ni èyí tí wọ́n ń pè ní PARSPORT ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí àbájáde rẹ̀ jáde ní 2011. Aláìsàn 94 ni. Ọdún kan lẹ́yìn ìtọ́jú, gbígbẹ ẹnu tó le ń bá 74 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó gba ìtọ́jú àtijọ́ jà. Nínú àwọn tó gba IMRT, 38 ni. Nígbà tó fi máa di ọdún kejì, ó ti di 83 àti 29. Kò sì hàn pé jẹjẹrẹ tìtorí ìyọ̀ǹda àpò itọ́ padà wá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, èyí tí ọ̀pọ̀ dókítà ti ń bẹ̀rù. Àmọ́ nígbà ìtọ́jú náà, àárẹ̀ mú àwọn tó gba IMRT ju àwọn yòókù lọ.

Nínú 29 yẹn ni ìyàtọ̀ iṣẹ́ àwọn àpò itọ́ ti hàn. Ẹni tí wọ́n dá àpò iwájú etí rẹ̀ sí lè padà jẹun dáadáa, kó ṣì máa jí lóru nítorí òùngbẹ, nítorí èyí tó wà lábẹ́ àgbọ̀n ti jóná. Ní Yunifásítì Alberta ní Canada, àwọn oníṣẹ́ abẹ kan gbé ọgbọ́n mìíràn kalẹ̀: kí ìtànṣán tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n á ṣí àpò abẹ́ àgbọ̀n kan nípò, wọ́n á sún un síwájú sí abẹ́ ìgbátí àgbọ̀n níbi tí ìtànṣán kò ní dé. Kì í ṣe gbogbo jẹjẹrẹ ló gba èyí láàyè. Síbẹ̀, níbi tí cobalt nìkan bá wà, iṣẹ́ abẹ yìí tọ́ sí àròjinlẹ̀ ju bí a ṣe ń gbọ́ nípa rẹ̀ lọ, nítorí kò nílò ẹ̀rọ olówó ńlá kankan.

Wọn kò tíì mọ gbogbo àpò itọ́ tán pàápàá. Ní ọdún 2020, àwọn onímọ̀ ní Netherlands kéde pé àwọn rí àpò méjì kan ní ẹ̀yìn imú tí ìwé ìṣègùn kò kà mọ́ àpò ńlá. Àwọn kan ṣì ń jiyàn bóyá tuntun ni lóòótọ́.

Ta ló máa sanwó?

Linac ti wà ní Korle Bu báyìí. Ilé ìwòsàn aládàáni Sweden Ghana Medical Centre ní Accra náà ní tirẹ̀. Ní Nàìjíríà, ilé ìtọ́jú NSIA-LUTH tí wọ́n ṣí ní Èkó ní ọdún 2019 gbé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ wá. Ṣùgbọ́n ríra ẹ̀rọ ni ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ jókòó síwájú kọ̀ǹpútà kó ya ìlà yí àpò itọ́ ká lórí àwòrán CT, lọ́kọ̀ọ̀kan lọ́kọ̀ọ̀kan. Onímọ̀ físíìsì gbọ́dọ̀ ṣírò rẹ̀. Iná kò gbọ́dọ̀ ṣe ségesège, gbogbo ẹni tó bá sì gbé Ghana lásìkò tí wọ́n ń kígbe dumsor mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí.

Owó tún wà níbẹ̀. Ètò ìlera adójútòfò Ghana, NHIS, tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú òfin ọdún 2003, kọ ọ́ sínú ìlànà rẹ̀ pé jẹjẹrẹ ọmú àti ti ẹnu ilé ọmọ nìkan ni òun máa sanwó fún láàárín àwọn àgbàlagbà. Jẹjẹrẹ ọ̀fun kò sí níbẹ̀. Onísòwò kékeré ní Ashaiman tí wọ́n bá ní kó gba ìtọ́jú ọ̀sẹ̀ méje, àpò ara rẹ̀ àti ti ẹbí ló ń wò. Ní ọdún 2025, ìjọba Ààrẹ John Mahama gbé owó àkànṣe kan kalẹ̀, Ghana Medical Trust Fund, tí àwọn èèyàn ń pè ní MahamaCares, láti ran àwọn tó ní àìsàn bíi jẹjẹrẹ lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ ìdílé ló ń wo ibẹ̀.

Kí wọ́n tó ṣe ìbòjú

Kí ìtọ́jú tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n máa ń fi ike rírọ̀ ṣe ìbòjú tó bá ojú aláìsàn mu, kí orí má bàa mì lábẹ́ ẹ̀rọ. Kí ọjọ́ yẹn tó pé ni àwọn dókítà fẹ́ kí aláìsàn ti rí oníṣègùn eyín. Eyín tó bá ti bàjẹ́ ni kí wọ́n yọ ṣáájú, nítorí yíyọ eyín lára egungun tí ìtànṣán ti bà lè dá egbò tí kò ní í jiná sílẹ̀. Àkókò yẹn náà ni ó yẹ kí aláìsàn tàbí ọmọ rẹ̀ béèrè lọ́wọ́ dókítà bóyá wọ́n lè dá àpò itọ́ kan sí, ó kéré tán ní ẹ̀gbẹ́ tí jẹjẹrẹ kò sí.

Lẹ́yìn ìyẹn, ohun tó kù kò gba owó púpọ̀: kí èèyàn máa mu omi díẹ̀díẹ̀ jálẹ̀ ọjọ́, kí ó máa jẹ ṣingọ́ọ̀mù tí kò ní ṣúgà, kí ó máa fi ọṣẹ eyín tó ní fluoride fọ ẹnu. Jíjẹ nǹkan lẹ́nu ló ń ta àpò itọ́ jí, ohun tí àwọn tó ń rin orin àtà láti àárọ̀ ti mọ̀ tipẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orin líle kò yẹ ẹnu tó ní egbò. Sìgá àti akpeteshie kò sí nínú ọ̀rọ̀ náà rárá. Ní ti oúnjẹ, kókò, tí Yorùbá ń pè ní ògì, ọbẹ̀ ilá tí kò lata àti ẹja tí wọ́n tú sínú omi ọbẹ̀ máa ń rọrùn láti gbé mì ju kenkey lọ. Ọ̀pọ̀ aláìsàn máa ń gbé ìgò omi dání wọ trotro fún ọdún púpọ̀ lẹ́yìn tí dókítà ti ní jẹjẹrẹ kò sí mọ́.